Síngápọ̀ sí New York: wákàtí 17 ni àbí 19? Ẹ bá mi dá sí i

Àkànkẹ́ (ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀)

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí lọ́kàn rú láti bí ọjọ́ mẹ́ta, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Èmi àti ìyá mi fẹ́ wọ bàálù láti pápákọ̀ òfurufú Changi ní Síngápọ̀ lọ sí JFK ní New York nínú oṣù kẹsàn-án. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 74, ẹsẹ̀ wọn sì máa ń wú bí wọ́n bá jókòó pẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: wákàtí mélòó gan-an ni wọn yóò fi wà lórí ìjókòó?

Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún wá lọ́jú pọ̀ sí i. Ibì kan ní ọ̀nà náà jìn tó 15,349. Ibòmíràn ní 9,537. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní 8,288. Ọ̀kan nínú wọn ní wákàtí 17 ni bàálù yóò fi rìn ín. Ẹni tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 40. Nígbà tí mo wá wo tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó ní a ó gbéra ní aago 11:50 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó sì dé ní aago 6:30 àárọ̀ Ọjọ́rú. Ẹ kà á wò: wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 nìyẹn! Èwo ni kí n sọ fún ìyá mi?

OníṢírò (ọjọ́ Ajé, 9:02 àárọ̀)

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, Àkànkẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí èyí tó parọ́ nínú nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀.

15,349 jẹ́ kìlómítà. 9,537 jẹ́ máìlì tí a fi ń wọn ọ̀nà orí ilẹ̀, ẹyọ kan rẹ̀ tó kìlómítà 1.609. 8,288 ni máìlì ti àwọn atukọ̀ ojú omi àti awakọ̀ òfurufú, ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ mítà 1,852 gééré. Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ fi 1.852 ṣe ìlọ́po 8,288, ẹ ó rí i pé 15,349 náà ló máa gbé jáde.

Máìlì àwọn awakọ̀ yìí kò ṣàdédé wá o. Bí a bá pín àyíká ayé láti àríwá yí ká gúúsù sí dìgírì 360, tí a tún wá pín dìgírì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 60, ìpín kékeré kan níbẹ̀ ni máìlì kan. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi jẹ́ fi í sílẹ̀ títí di òní.

Ní ti wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40, aago ìlú méjì ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín. 11:50 jẹ́ aago Síngápọ̀, 6:30 jẹ́ aago New York. Nínú oṣù kẹsàn-án, Síngápọ̀ fi wákàtí 12 ṣíwájú. Nígbà tí aago 6:30 àárọ̀ bá lù ní New York, 6:30 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló lù ní Síngápọ̀. Ẹ wá kà á láti 11:50 alẹ́ dé 6:30 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì: wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 40. Ẹni tó ń bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì sọ òótọ́.

Kẹ́hìndéRìn (ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n OníṢírò, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ohun kan kò yé mi. Máàpù ayé kan wà lára ògiri ní ọ́fíìsì wa. Mo fi rúlà lé e láti Síngápọ̀ dé New York báyìí. Rúlà náà gba etí gúúsù Íńdíà, ó gba Yemen, ó gba Sudan, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó wá sọdá Òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn lójú mi. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ti wọ bàálù yìí rí ní ẹ̀bá Japan àti Alaska làwọn gbà. Kí ni bàálù ń wá lọ sí Alaska? Ṣé epo kò wọ́n wọn ni?

OníṢírò (ọjọ́ Ajé, 10:25 àárọ̀)

Ìbéèrè gidi nìyí, àbúrò. Inú mi dùn pé o fi rúlà wò ó fúnra rẹ.

Ayé rí rogodo, máàpù ara ògiri sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ èèpo ọsàn sórí tábìlì, àfi kó fà á ya tàbí kó nà án. Àwọn tó ya máàpù náà nà án ni, pàápàá níhà àríwá àti gúúsù, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Greenland fi ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lójú wa. Ìlà tó tọ́ lórí máàpù pẹrẹsẹ kì í ṣe ọ̀nà tó kúrú jù lórí ayé. Wá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ya ayé sí lára, mú okùn, di orí kan mọ́ Síngápọ̀, fa orí kejì dé New York kó le dáadáa. Okùn náà kò ní sún mọ́ Sàhárà rárá. Ibi tó máa gbà ni òpin àríwá ayé, níbi tí yìnyín wà.

Jẹ́ kí a ṣírò ọ̀nà yìí gan-an, nítorí ó rọrùn ju ọ̀pọ̀ lọ. Changi wà ní nǹkan bí dìgírì 104 sí ìlà-oòrùn, JFK wà ní nǹkan bí dìgírì 74 sí ìwọ̀-oòrùn. Ro wọ́n pọ̀, 178 ni. Bó bá jẹ́ 180 ni, a jẹ́ pé ọ̀kan wà ní iwájú ayé, èkejì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gbáko, ọ̀nà tó kúrú jù ì bá sì gba orí òpin àríwá gan-an. 178 sún mọ́ ọn débi pé a lè ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Changi fi dìgírì 1.36 ga ju ìlà agbedeméjì ayé lọ, nítorí náà dìgírì 88.64 ló kù kó dé òpin àríwá. JFK wà ní 40.64, òun náà ku 49.36. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 138. Dìgírì kan tó kìlómítà 111.2. Ìlọ́po 138 ní ọ̀nà 111.2 jẹ́ 15,346.

Kìlómítà 3 péré ló fi yàtọ̀ sí 15,349 tí Àkànkẹ́ rí. Ayé kò rí róbótó tán, ó tẹ̀ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ó sì wú ní agbedeméjì. Àwọn tó ń ṣírò fún pápákọ̀ máa ń ka èyí mọ́ ọn.

Ọ̀nà rúlà tìrẹ ńkọ́? Bí máàpù yẹn bá jẹ́ irú èyí tí àwọn atukọ̀ ojú omi ń lò, ìlà náà lé ní 18,000 kìlómítà. Wo bí ó ti gùn tó.

Kẹ́hìndéRìn (ọjọ́ Ajé, 10:51 àárọ̀)

Mo ti ṣe é pẹ̀lú okùn. Òtítọ́ ni! Okùn náà gba orí ayé níhà àríwá lóòótọ́. Àmọ́ kò gba ẹ̀bá Japan. Kí ló wá gbé ọ̀rẹ́ mi débẹ̀?

Atọ́nà (ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán)

Ẹ kú àsọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá tí a ti ń la ọ̀nà fún bàálù kó tó gbéra. Ìṣirò OníṢírò mọ́, mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Àkànkẹ́ má ṣe rò pé 15,349 yẹn ni ọ̀nà tí wọ́n máa rìn. Àlàfo tó wà láàárín pápákọ̀ méjì ni. Àlàfo lọ́tọ̀, ọ̀nà lọ́tọ̀, àkókò tún lọ́tọ̀.

Bí mo bá jókòó sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, kì í ṣe máàpù ni mo ń kọ́kọ́ ṣí. Àwòrán afẹ́fẹ́ ni. Ní nǹkan bí kìlómítà 10 sókè, afẹ́fẹ́ kan wà tó ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ó sábà máa ń sáré ju 160 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, nígbà òtútù ó lè lé ní 300. Lónìí ó lè wà níbí, lọ́la kó ti sún lọ sí àríwá. Kò sí atukọ̀ tó gbọ́n tó máa wa ọkọ̀ kojú odò bí ọ̀nà bá wà láti bá odò lọ. A ó ya ọ̀nà mẹ́rin, márùn-ún, a ó ṣírò epo àti àkókò ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá jẹ epo tó kéré jù ni a ó gbé fún awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀nà tó gùn ju èkejì lọ máa ń yá jù ú lọ.

Ọ̀nà Síngápọ̀ sí New York yìí wá ní ohun kan tí n kò rí níbòmíràn púpọ̀, ó sì máa ń wú mi lórí títí dòní. Nítorí pé ìlú méjèèjì wà ní òdìkejì ayé sí ara wọn, bàálù lè kọjú sí ìlà-oòrùn nígbà àlọ, kó tún kọjú sí ìlà-oòrùn nígbà àbọ̀. Ní àlọ, ó máa ń gba ẹ̀bá Japan, ó gba òkè Òkun Pàsífíìkì, ó gba Alaska àti Kánádà wọlé. Ní àbọ̀, ó sábà máa ń sọdá Àtìláńtíìkì, ó gba Yúróòpù, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Éṣíà. Afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn lọ́nà méjèèjì. Ẹni tó bá lọ tó sì bọ̀ báyìí ti yí ayé po.

Nígbà tí iléeṣẹ́ Singapore Airlines tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Síngápọ̀ lọ sí Newark, tó wà ní ìtòsí JFK, ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, nǹkan bí 16,700 kìlómítà ni wọ́n pe ọ̀nà náà. Ẹ fi wé 15,349. Bàálù tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀, Airbus A350-900ULR, ń gbé epo 165,000 lítà, ìjókòó 161 péré ni wọ́n sì fi sínú rẹ̀ kó má bàa wúwo jù. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti JFK.

Òpin àríwá tí okùn Kẹ́hìndé gbà náà ṣeé fò, bàálù ń gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n pápákọ̀ tí ènìyàn lè sá balẹ̀ sí kò pọ̀ níbẹ̀, òtútù ibẹ̀ sì kì í ṣe kékeré. Epo Jet A-1 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí òtútù bá dé 47 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Awakọ̀ tó bá gba ibẹ̀ ní láti máa ṣọ́ epo rẹ̀.

Àkànkẹ́ (ọjọ́ Ajé, 2:05 ọ̀sán)

Bàbá wa Atọ́nà, ẹ ṣeun púpọ̀. Àlàyé yìí wọ̀ mí létí. Wákàtí 17 tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti rí i?

Atọ́nà (ọjọ́ Ajé, 2:20 ọ̀sán)

Ọmọ mi, ẹ fi 900 pín 15,349. Ó lé díẹ̀ ní 17. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú ìyára bàálù, wọ́n fi pín àlàfo. Òmíràn máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún ìgbéra àti ìbalẹ̀. Ojú ewé náà kò mọ afẹ́fẹ́, kò mọ̀ pé bàálù mẹ́wàá lè tò síwájú yín kí ẹ tó gbéra.

900 yẹn gan-an, ìyára nínú afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe ìyára lórí ilẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà ìjì tí wọ́n pè ní Ciara, bàálù British Airways kan fò láti JFK dé Heathrow ní London ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56. Ọ̀nà yẹn máa ń gbà ju wákàtí 6 lọ. Lójú ẹni tó wà nílẹ̀, ó ń sá ju 1,300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Àwọn ènìyàn ní ó ti yára ju ohùn lọ. Rárá o. Ìyára rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kò yí padà, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Bàálù tó ń bọ̀ láti London lọ́jọ́ kan náà, ìyà ni ìjì yẹn fi jẹ ẹ́.

Ní ti wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 40, ìgbà tí bàálù bá sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé ni wọ́n ti ń kà á, títí di ìgbà tó bá dúró sí ìdúró rẹ̀ ní òpin. Ìgbà tí ẹ bá ti wà lórí ìjókòó kí ilẹ̀kùn tó tì kò sí nínú rẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé, ó sì sábà ń kẹ́yìn jáde. Ẹ fi wákàtí kan kún un fún màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ogún wákàtí ni.

Ọmọlúàbí7 (ọjọ́ Ajé, 5:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún fi irú ojú ewé ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣètò ìrìnàjò mọ́. Ó ti ṣe mí léṣe. Lọ́dún tó kọjá mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó ń gbé mi dé ìlú kan àti èyí tó ń gbé mi kúrò níbẹ̀. Àkókò tí ojú ewé yẹn sọ ni mo fi ṣírò ìgbà tí mo máa dé, mo sì rò pé wákàtí kan àbọ̀ tó fún mi láti pààrọ̀ bàálù. Afẹ́fẹ́ kojú wa ní gbogbo ọ̀nà. A pẹ́ kí a tó balẹ̀, a tún tò síbi tí wọ́n ti ń wo ìwé ìrìnnà. Nígbà tí mo sáré dé ẹnu ọ̀nà kejì, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Iléeṣẹ́ kejì ní tíkẹ́ẹ̀tì mi kò so mọ́ ti àkọ́kọ́, kò kan àwọn. Orí àga ni mo sùn mọ́jú, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ìgbéyàwó àbúrò mi ni mò ń lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń palẹ̀ àga mọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

OníṢírò (ọjọ́ Ajé, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, Ọmọlúàbí. Ìyẹn dunni. Bí ìrìnàjò bá ju bàálù kan lọ, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló dára, torí bí àkọ́kọ́ bá pẹ́, iléeṣẹ́ tó ta á ló gbọ́dọ̀ wá òmíràn fún yín.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a da àlàfo nù. Ó dára fún ìfiwéra. Ẹ wò ó: bí Àkànkẹ́ bá fẹ́ kí màmá sinmi lójú ọ̀nà, wọ́n lè gba Frankfurt. Síngápọ̀ sí Frankfurt jẹ́ nǹkan bí 10,300 kìlómítà, Frankfurt sí JFK jẹ́ nǹkan bí 6,200. Àpapọ̀ 16,500. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù 15,349 lọ, a jẹ́ pé ọ̀nà yẹn kò yà kúrò lójú ọ̀nà púpọ̀. Ohun tí nọ́ńbà yìí lè sọ fún ènìyàn nìyẹn: ìlú wo ló wà lójú ọ̀nà, èwo ni yóò gbé ẹ yí ká. Kó má kàn bọ́ sípò aago.

Atọ́nà (ọjọ́ Ajé, 7:12 alẹ́)

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ mo fẹ́ fi ohun kan kún un. Ọ̀nà Frankfurt yẹn, ìwọ̀-oòrùn ni bàálù kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a jẹ́ pé ó ń kojú odò afẹ́fẹ́. Pẹ̀lú ìdúró, nǹkan bí wákàtí 24 ni. Ó fi díẹ̀ ju 1,000 kìlómítà lọ gùn, ó sì fi ju wákàtí 5 lọ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó ń yà náà kò sì mọ sórí afẹ́fẹ́ nìkan. Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti òfurufú rẹ̀ mọ́ àwọn iléeṣẹ́ Yúróòpù, tí àwọn náà ti tiwọn mọ́ Rọ́ṣíà, bàálù Finnair láti Helsinki sí Tokyo kúrò ní nǹkan bí wákàtí 9 àbọ̀, ó di nǹkan bí 13. Àlàfo Helsinki sí Tokyo ṣì jẹ́ nǹkan bí 7,800 kìlómítà. Ìlú méjèèjì kò sún níbi tí wọ́n wà. Ẹ bi ojú ewé ìṣirò, 7,800 náà ló máa sọ, bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Kẹ́hìndéRìn (ọjọ́ Ajé, 8:03 alẹ́)

Bàbá, ṣé ọ̀nà mìíràn wà tó tún gùn ju èyí lọ? Mo sì ka ibì kan pé àwọn kan máa ń dé kí wọ́n tó gbéra. Ṣé òótọ́ ni?

Atọ́nà (ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Àyíká ayé tó 40,000 kìlómítà, nítorí náà kò sí pápákọ̀ méjì tó lè jìnnà síra ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ẹni tó bá kọjá ìyẹn ti ń padà bọ̀ nílé. Ní ọdún 2019 iléeṣẹ́ Qantas fi bàálù dán an wò láti London dé Sydney láìdúró, nǹkan bí 17,800 kìlómítà, wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 19. Ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n kó, nítorí ìwọ̀n epo.

Òótọ́ ni èkejì, lórí aago. Ẹni tó bá kúrò ní Auckland ní New Zealand ní aago 10 alẹ́ nínú oṣù keje lọ sí Los Angeles yóò fò fún bíi wákàtí 12, yóò sì dé ní bíi aago 3 ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Ìlà tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ọjọ́ wà láàárín Òkun Pàsífíìkì, wọ́n sọdá rẹ̀ ni. Wákàtí 12 náà kò ṣaláì kọjá lára wọn.

OníṢírò (ọjọ́ Ajé, 8:55 alẹ́)

Nítorí ọ̀rọ̀ aago: Àkànkẹ́, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú wákàtí 12 tí mo fún yín. Síngápọ̀ kì í yí aago padà láàárín ọdún, ṣùgbọ́n New York ń yí tirẹ̀. Wọ́n ń sún un síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta, wọ́n sì ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Bí wọ́n bá ti dá a padà, ìyàtọ̀ di wákàtí 13.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Àkànkẹ́ ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ti ẹsẹ̀ màmá. Ìrìnàjò tó bá ti ju wákàtí 4 lọ lórí ìjókòó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ewu náà sì pọ̀ fún àgbàlagbà. Mú wọn lọ rí dókítà kí ẹ tó lọ, ní pàtàkì bí wọ́n bá ti ní irú rẹ̀ rí tàbí bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ láìpẹ́. Béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ yẹ wọ́n. Gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún wọn. Kí wọ́n máa dìde rìn ní wákàtí méjì méjì bí wọn kò bá sùn, kí wọ́n máa yí ọrùn ẹsẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí, kí wọ́n sì máa mu omi. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń dùn wọ́n, tó sì gbóná, tàbí bí èémí bá ń há wọn lẹ́yìn tí ẹ dé, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Má dúró de àárọ̀.

Àkànkẹ́ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 àárọ̀)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Mo ti sọ fún ìyá mi pé ogún wákàtí ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó dára, àwọn fẹ́ kí a lọ tààrà, ká má tún sọ̀ sí Frankfurt. A ti gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọjọ́bọ̀ ni a ń lọ rí dókítà. Bí a bá dé, màá wá jábọ̀.

Àkànkẹ́ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ Ẹtì, 11:10 àárọ̀)

Ẹ̀yin ará, a dé láyọ̀. Mo ṣèlérí pé màá jábọ̀, mo sì kọ gbogbo aago sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan.

A jókòó ní 11:05 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàálù sún kúrò ní 11:54, ó sì fò ní 12:17. Ó balẹ̀ ní 6:09 àárọ̀, aago New York, ó dúró pátápátá ní 6:22. Ìgbà tí àwa fi jáde, 6:50 ti lù. Bí mo ṣe kà á nìyí: nínú afẹ́fẹ́, wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 52. Láti ìgbà tó sún títí tó fi dúró, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 28. Lórí ìjókòó, wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 45. Bàbá Atọ́nà, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù kí ó pé ogún tí ẹ sọ.

A gba ìlà-oòrùn Japan, a gba Alaska, a gba Kánádà wọlé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Ọ̀nà tí a rìn lórí ojú amóhùnmáwòrán iwájú wa lé díẹ̀ ní 16,000 kìlómítà. Ilẹ̀ mọ́ lórí Pàsífíìkì, ó tún ṣú kí a tó dé. Ọjọ́rú bẹ̀rẹ̀ lójú wa, ọ̀sán rẹ̀ kọjá, alẹ́ lẹ́, a wá balẹ̀ sínú àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn náà. Ìyá mi béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ọjọ́ wo la wà.

Wọ́n dìde rìn ní ìgbà mẹ́jọ, mo kà á. Ẹsẹ̀ méjèèjì wú díẹ̀, kò dùn wọ́n, ó sì ti lọ kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (ọjọ́ Ẹtì, 11:32 àárọ̀)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi kí màmá. Ìgbà wo ni ẹ ń padà?

Àkànkẹ́ (ọjọ́ Ẹtì, 11:58 àárọ̀)

Màá bá yín kí wọn, mà. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ní a ó kúrò ní 10:30 alẹ́ ọjọ́ Ajé, a ó sì dé ní 6:20 àárọ̀ Ọjọ́rú. Lójú aago lásán, wákàtí 31 àti ìṣẹ́jú 50 nìyẹn. Wọ́n á ti yí aago New York padà ní àná rẹ̀, nítorí náà 13 ni mo yọ, kì í ṣe 12. Ó ku wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 50. Mo fi wákàtí kan àti díẹ̀ kún un fún ìyá mi, mo sì ti sọ fún wọn.